Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Yí I Padà: Bí A Ṣe Ń Yẹ Oúnjẹ Òòjọ́ Wò

Àwọn àgbà ti to oúnjẹ wa sípò tipẹ́: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí ọbẹ̀ níbẹ̀. Títí dòní, bí ẹ bá bi èèyàn l'Óṣogbo pé kí ló jẹ lánàá, "ẹ̀bà" ni yóò sọ, tàbí "fùfú", tàbí "ìrẹsì". Ó ṣọ̀wọ́n kẹ́ ẹ gbọ́ "ẹ̀fọ́ ìgbakọ méjì àti ẹja". Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé oúnjẹ Yorùbá ló ń mú ikùn yọ, tó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́, ewédú, gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà, irú, ẹja: kò sí èyí tí ara ò fẹ́ nínú wọn. Òkèlè ló ti gba àyè ọbẹ̀, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ò sì mọ̀, torí kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí.

Ẹni tó bá fẹ́ tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbúra: "Mi ò ní jẹ ẹ̀bà mọ́ láéláé." Ọ̀sẹ̀ kan kì í pé tí ẹ̀bà á fi padà wọlé. Kò mọ iye tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, kò mọ ìgbà tó ń jẹ ẹ́ jù, kò mọ ohun tó ń fà á. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tó yẹ kó dín kù? Ìwé ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ìwé ọjọ́ mẹ́rin

Ẹ mú ìwé kékeré kan, tàbí kẹ́ ẹ lo fóònù yín. Ẹ yan ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, àti ọjọ́ kan ní òpin ọ̀sẹ̀, pàápàá Sátidé tí òde máa ń wà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ò tó, torí oúnjẹ Mọ́ńdè kì í jọ ti Sátidé. Ọ̀sẹ̀ méjì sì ti pọ̀ jù. Bó bá fi máa di ọjọ́ keje, ọwọ́ á ti rọ, èèyàn á sì máa kọ ohun tó bá sáà ti wá sí i lọ́kàn.

Nǹkan márùn-ún lẹ máa kọ nípa ohunkóhun tó bá gba ẹnu wọlé: aago tí ẹ jẹ ẹ́, oúnjẹ náà àti ohun tí wọ́n fi sè é, bó ṣe pọ̀ tó, ibi tí ẹ ti jẹ ẹ́, àti ohun tó fà á. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì ń tú àṣírí jù. Ṣé ebi ni? Ṣé àárẹ̀ ni? Ṣé ẹlòmíì ló gbé e wá? Àbí ó kàn wà nítòsí, ẹnu ò sì fẹ́ dilẹ̀?

Ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dúró di alẹ́, àwọn nǹkan kan á ti pòórá: àkàrà méjì tí ẹni tó ń dín in jẹ nídìí iná, ẹran tí wọ́n fi tọ́ ọbẹ̀ wò, súgà inú tíì, sobo tí ẹnì kan gbé wá sí ọ́fíìsì, ìyókù oúnjẹ ọmọ tí a ò fẹ́ kó ṣòfò. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ ló mọ̀ pé iye téèyàn ń kọ sílẹ̀ máa ń kéré sí iye tó jẹ. Wọn ò purọ́, ìgbàgbé ló ń ṣe wọ́n. Ẹ kọ omi náà, kẹ́ ẹ sì kọ iye epo tó wọ inú ìkòkò bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ dáná.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yìí, ẹ má yí ohunkóhun padà. Ẹni tó máa ń jẹ ìrẹsì ní aago mẹ́wàá alẹ́, kó jẹ ẹ́, kó sì kọ ọ́. Ìwé tí a bá tún ṣe kó lè dára lójú kò lè sọ ohun tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní ìwọ̀n kékeré táwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, ó tán. Bí kò bá sí, ọwọ́ yín ni ìwọ̀n: ìkúùkù kan fún òkèlè, ìrẹsì àti iṣu, àtẹ́lẹwọ́ láìka ìka mọ́ ọn fún ẹran àti ẹja, ẹ̀kúnwọ́ kan fún ẹ̀pà, ìgbakọ fún ọbẹ̀. Kí ìgbakọ náà sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òkèlè ló ń tan èèyàn jù lọ, torí omi ń wú u. Gààrí gbígbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kó tó bọ́ sínú omi gbígbóná. Gààrí gbígbẹ 100 g ń fún ara ní agbára tó tó nǹkan bíi kálórì 350 (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ), ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé sítáàṣì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá te 300 g lẹ́ẹ̀kan ti jẹ ju kálórì 1,000 lọ kó tó kan ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílò láti òwúrọ̀ di alẹ́ wà láàárín 1,800 sí 2,500, bí iṣẹ́, ọjọ́ orí àti títóbi ara bá ṣe rí.

Bí a ṣe ń ka ohun tí a kọ

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń ti Òkè-Fìà lọ síbi iṣẹ́ ní sẹkitéríàtì Abẹ́rẹ́. Irú ọjọ́ báyìí wọ́pọ̀ láàárín wa:

Aago 7 àárọ̀: ẹ̀kọ méjì, àkàrà mẹ́ta, lójú ọ̀nà. Ebi.
Aago 11: bisikíìtì kan, mọ́ọ̀tì ìgò kan, ní ọ́fíìsì. Ẹlòmíì ló rà á.
Aago 2 ọ̀sán: fùfú mẹ́ta, ọbẹ̀ ata, pọ̀nmọ́ méjì, ní búkà. Ebi.
Aago 5 ìrọ̀lẹ́: gúgúrú àti ẹ̀pà, nínú ọkọ̀. Ó wà nítòsí.
Aago 9:30 alẹ́: ẹ̀bà ìkúùkù mẹ́ta, ilá ìgbakọ kan, ẹja ṣawa kan, nílé. Ebi àti àárẹ̀.

Ẹ má tíì ṣírò kálórì kankan. Ohun mẹ́rin péré ni kẹ́ ẹ kà: ìgbà mélòó ni ẹ̀fọ́ tàbí èso wọlé, ìgbà mélòó ni oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà wọlé, ìkúùkù òkèlè mélòó, àti ṣíbí súgà mélòó.

Ní ti ẹ̀fọ́ àti èso, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ dín ní 400 g lójúmọ́. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ànàmọ́ ò sí nínú rẹ̀. Bí a bá pín in sọ́nà márùn-ún, 80 g ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ yìí jẹ ilá ìgbakọ kan, èso ò sì wọlé rárá. Ọbẹ̀ ata náà wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà jẹ́ ewébẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbakọ ọbẹ̀ ata kan tí òróró léfòó lórí rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ ẹ̀fọ́ ṣe.

Ní ti oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà, ọjọ́ náà ò ṣófo. Ẹ̀wà ni àkàrà, ẹ̀pà dára, ẹja wà níbẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán tó tóbi jù ló jáni kulẹ̀, torí pọ̀nmọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí pọ̀nmọ́ díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ló ti fi í rọ́pò ẹran pátápátá. Purotéènì, ìyẹn èròjà tó ń mú ara dàgbà, wà nínú awọ lóòótọ́, àmọ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní collagen ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì ní gbogbo èròjà tí ara fi ń kọ́ iṣan. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, ìyẹn tryptophan, kò sí nínú collagen rárá. Ẹ jẹ pọ̀nmọ́ yín fún adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kà á mọ́ ẹran. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti owó, ẹ̀wà, ẹyin kan tàbí ẹja ṣawa méjì á ṣe ara lóore jù ú lọ.

Ní ti òkèlè, ẹ fi fùfú mẹ́ta kún ẹ̀bà mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá ka ẹ̀kọ, bisikíìtì àti gúgúrú mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni gbogbo ọjọ́ náà lọ.

Súgà sì wà nínú ìgò. Ẹ yí ìgò náà padà kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé súgà 10 g wà nínú 100 ml, ìgò 50 cl gbé 50 g, ìyẹn ju ṣíbí tíì méjìlá lọ, torí ṣíbí tíì kan tí a gé orí rẹ̀ kò ju 4 g lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí súgà tí a ń bù sí nǹkan, pẹ̀lú ti oyin àti omi èso, má kọjá ìdá mẹ́wàá kálórì òòjọ́ wa. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, ìyẹn jẹ́ 50 g. Wọ́n ní bó bá lè wá sílẹ̀ dé ìdajì ìyẹn, ó tún sàn jù. Ìgò kan ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ohun tí aago ń sọ. Láti aago méjì ọ̀sán títí di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, gúgúrú àti ẹ̀pà nìkan ló wọlé. Ẹni tí ebi ti pa fún wákàtí méje kò lè fi ìkúùkù ẹ̀bà kan sùn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni retí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ tún ṣe: mọ́ínmọ́ín kan tàbí ẹyin sísè pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní aago márùn-ún, kí oúnjẹ alẹ́ sì wá síwájú di aago méje tàbí méje ààbọ̀. Oúnjẹ alẹ́ á dín kù fúnra rẹ̀. Ẹni tí omi kíkan máa ń rú sókè láyà rẹ̀ lóru á tún rí ìtura, bó bá jẹ́ kí wákàtí méjì sí mẹ́ta kọjá kó tó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Òkèlè àti ọbẹ̀

Níbi tí wọ́n ti ń fi àwo pẹrẹsẹ kan jẹun, wọ́n máa ń ní kí ìdajì àwo jẹ́ ewébẹ̀ àti èso, kí ìdá mẹ́rin jẹ́ ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà, kí ìdá mẹ́rin tó kù jẹ́ ìrẹsì, iṣu tàbí búrẹ́dì. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n abọ́ méjì làwa fi ń jẹun, ọ̀kan fún òkèlè, ọ̀kan fún ọbẹ̀, abọ́ òkèlè ló sì máa ń tóbi jù. Ẹ yí i padà. Abọ́ ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù sí: ẹ̀fọ́, ilá tàbí ewédú ìgbakọ méjì ó kéré tán, àti ẹja, ẹran, ẹyin tàbí gbẹ̀gìrì tó tó àtẹ́lẹwọ́ yín. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gé òkèlè ìkúùkù kan. Ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́, bíi bíríkìlà tàbí alábàárù Ọjà Ọba, lè jẹ méjì, torí iṣẹ́ rẹ̀ á jó o. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ kò ní ibi tó máa fi méjì sí.

Ẹ má bọ́ láti mẹ́ta sí ẹyọ kan lójijì o. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ẹ dín ìdajì ìkúùkù kù ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí òkèlè bá ṣe ń dín, bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á dín ẹ̀bà, wọ́n á fi ọbẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ebi á jí wọn ní aago kan òru, wọ́n á sì lọ mu gààrí. Ó tún dáa kẹ́ ẹ fi ṣíbí jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kí ọwọ́ tó kan òkèlè. Súgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í gùn tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀fọ́ àti purotéènì bá ṣáájú sítáàṣì wọnú ikùn.

Ní búkà, ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa ṣe é. "Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi bu àmàlà kan, gbẹ̀gìrì ìgbakọ méjì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ewédú pọ̀ dáadáa. Ẹ bá mi yọ òróró orí ọbẹ̀ yẹn kúrò, ẹ jọ̀ọ́ mà." Owó àmàlà kejì tí ẹ ò rà lẹ máa fi ra gbẹ̀gìrì àti ẹja. Gbẹ̀gìrì jẹ́ ọ̀kan nínú ọgbọ́n tó dára jù nínú ìdáná wa, torí ẹ̀wà tí a bó ni, ó sì ń wọlé láìjẹ́ pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ rò pé ẹ̀wà lòun ń jẹ.

Nínú ilé, ẹni tó ń dáná ló ni agbára jù, ọ̀nà tí a sì ń gbà se ẹ̀fọ́ tọ́ sí àkíyèsí. Ọ̀pọ̀ wa máa ń gé tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ wẹ́wẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a ó fún un, a ó da omi aláwọ̀ ewé yẹn nù, kó tó wá wọ inú ata. Fítámínì C àti folate, irú fítámínì B kan tó wúlò púpọ̀ fún aláboyún, ń bá omi yẹn lọ. Ẹ gbìyànjú ọ̀nà yìí, fún ẹni mẹ́rin:

Ẹ já ewé kúrò lára igi rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ ní odindi nínú omi mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa gbé ewé jáde kúrò nínú omi, kẹ́ ẹ má da omi náà gba orí ewé, nítorí iyẹ̀pẹ̀ ti wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ro nínú asẹ́. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó gé e. Ẹ gbé epo pupa ṣíbí ìjẹun mẹ́rin ká iná, kó kàn gbóná, kó má rú èéfín. Àlùbọ́sà wọlé, irú wọlé, lẹ́yìn náà ata tí ẹ ti sè tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Ata tó bá ṣì lómi ló ń mú kí ẹ̀fọ́ ṣomi, òun ló sì mú ká máa fún ẹ̀fọ́. Ẹ jẹ́ kó dín títí epo á fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ẹja tàbí edé wọlé. Ewé ló kẹ́yìn, ní tútù. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ má dé ìkòkò, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Ìkòkò tó kún dẹ́nu nígbà tí ewé wọlé á wálẹ̀ sí ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ìdì tẹ̀tẹ̀ kan kò lè tó ẹni mẹ́rin.

Ewúro ò tẹ̀ lé òfin yìí, ó di dandan kí a fọ ìkorò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí dókítà ti sọ fún pé òkúta wà nínú kídìnrín rẹ̀: kó bọ tẹ̀tẹ̀, kó sì da omi rẹ̀ nù, torí oxalate, èròjà tó lè di òkúta nínú kídìnrín, pọ̀ nínú tẹ̀tẹ̀, omi gbígbóná ló sì ń dín in kù.

Epo pupa tí kò jóná ní èròjà tí ara ń sọ di fítámínì A. Bí a bá yọ́ ọ títí ó fi funfun, èròjà yẹn ti lọ, àwọ̀ pupa yẹn gan-an ni. Ní ti iye epo, ẹ yéé fi ojú wọ̀n ọ́n láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ṣíbí ìjẹun kan jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120. Ẹni tó bá da 150 ml sínú ọbẹ̀ ẹni márùn-ún ti bu ṣíbí mẹ́wàá, ìyẹn méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi kálórì 240 tí ojú ò rí. Márùn-ún á se ọbẹ̀ náà, á sì dùn, bí ata bá ti gbẹ dáadáa.

Nígbà òjò, ẹ̀fọ́ ò wọ́n: gbúre, ebòlò, ọ̀dú, wọ̀rọ̀wọ́ àti yánrìn á kún ọjà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó bá gbówó lórí, orúnlá, ìsápá àti kábéèjì lè dí àlàfo, ọsàn àti ìbẹ́pẹ sì wà. Ẹ jẹ ọsàn pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀, ẹ má kàn fún omi rẹ̀ mu kẹ́ ẹ sọ ìyókù nù. Bẹ́ ẹ bá jẹ ọsàn tẹ̀ lé ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀wà, fítámínì C rẹ̀ á ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Tíì ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kẹ́ ẹ tó mu ún.

Ẹ̀wà, iyọ̀ àti súgà

Ẹ̀wà gbígbẹ 100 g ní purotéènì tó tó 23 g. Bó bá jinná, omi ti wọ̀ ọ́, 100 g ẹ̀wà jíjinná wá ní nǹkan bíi 8 g. Ẹyin kan ní nǹkan bíi 6 g. Ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀kọ, ìrẹsì tàbí àgbàdo bá ara wọn mu gidi, nítorí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ẹ̀wà wà nínú àgbàdo àti ìrẹsì, èyí tó sì kù díẹ̀ káàtó nínú tiwọn wà nínú ẹ̀wà. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀wà ń fún òun nínú, kó rẹ ẹ́ mọ́jú, kó da omi rẹ̀ nù, kó fi omi tuntun sè é, kó sì fi ìwọ̀nba bẹ̀rẹ̀, ìdajì ìgbakọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, títí inú á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi kán-ún sí i kó lè tètè jinná. Ó ń ba fítámínì B1 jẹ́, ó sì ń fi sódíọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, kún un. Èyí kan ewédú náà.

Iyọ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá 5 g fún ẹnì kan lójúmọ́, kò pé ṣíbí tíì kan, tòun ti èyí tó wà nínú mágì, búrẹ́dì, núdù àti ẹja oníyọ̀. Bí ẹ̀yìn páálí bá kọ sódíọ̀mù, ẹ fi méjì ààbọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀: sódíọ̀mù 1,200 mg jẹ́ iyọ̀ 3 g. Bí mágì bá ti wọ ọbẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó bu iyọ̀. Irú tó pọ̀ díẹ̀, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti efinrin á jẹ́ kí iyọ̀ dín láìjẹ́ pé ọbẹ̀ tẹ́. Bí irú náà bá ti ní iyọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kà á mọ́ ọn.

Súgà inú ògì àti tíì: ẹ yọ ṣíbí kan kúrò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ahọ́n á bá a lọ.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́fà padà lọ́jọ́ kan á padà sẹ́yìn lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nínú ohun mẹ́rin tí ẹ kà, ẹ mú ẹyọ kan tó burú jù, kẹ́ ẹ bá a jà fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó kan èkejì. Ẹ sì sọ ọ́ ní pàtó. "Màá máa jẹ ẹ̀fọ́" ò tíì di nǹkan. "Ìgbakọ ẹ̀fọ́ méjì ní alẹ́ Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráìdeè, màá ra ewé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, màá sè é lọ́jọ́ Àìkú, màá pín in sínú ike mẹ́ta kó wọ fíríìsà" ni nǹkan. Níbi tí kò bá ti sí iná, ẹ se ata dídín nìkan sílẹ̀, ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ lálẹ́, kẹ́ ẹ sì máa ra ewé lọ́jọ́ tí ẹ máa lò ó.

Òde náà wà níbẹ̀. Ẹ má lọ pẹ̀lú ikùn òfìfo. Ẹ jẹ nǹkan kékeré nílé, ẹ kọ́kọ́ jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹran, kí ìrẹsì tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ sì mu omi. Mọ́ọ̀tì tí wọ́n bá gbé síwájú yín lè bá yín dé ilé.

Tó bá sì jẹ́ ìyá tàbí ìyá ọkọ ló ń bu oúnjẹ, kíkọ̀ ò dáa, á dà bí ìwọ̀sí. Ohun tó máa ń tù wọ́n nínú ni kẹ́ ẹ bèèrè ohun mìíràn dípò: "Màámi, ẹ ṣeun mà. Ọbẹ̀ yìí ló wù mí, ẹ bá mi fi ẹ̀fọ́ kún un, kẹ́ ẹ gé òkèlè yìí sí méjì fún mi." Inú ìyá tí ọmọ bá yin ọbẹ̀ rẹ̀ kì í bàjẹ́.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dá èyí ṣe: ẹni tó ń lo abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà, torí bí òkèlè bá dín tí oògùn ò dín, súgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ kó sì dá a dùbúlẹ̀, ẹni tí kídìnrín ń yọ lẹ́nu, torí ẹ̀fọ́, èso àti ẹ̀wà pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀, aláboyún, àti ẹni tó ń rù láìmọ ìdí. Kí wọ́n mú ìwé ọjọ́ mẹ́rin wọn lọ bá onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn ńlá. Ìwé yẹn á dín ìbéèrè kù, á sì jẹ́ kí ìmọ̀ràn bá oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ mu.

Ìwé kejì

Lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wọn ìbàdí yín láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun, pẹ̀lú téèpù télọ̀, láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí jáde, láìfa ikùn wọlé. Bó bá kọjá 94 cm fún ọkùnrin tàbí 80 cm fún obìnrin, ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti ń pọ̀ sí i. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín àti súgà inú ẹ̀jẹ̀ yín láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun. Súgà tó bá tó 7.0 mmol/L, ìyẹn 126 mg/dL, gbọ́dọ̀ mú yín dé ọ̀dọ̀ dókítà kó lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún kọ ọjọ́ mẹ́rin mìíràn, irú ọjọ́ kan náà, ìgbakọ kan náà, kẹ́ ẹ ka ohun mẹ́rin kan náà. Ẹ gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí òkèlè bá ti dín tí ẹ̀fọ́ sì ti pọ̀, ẹ tẹ̀ síwájú sí èyí tó kàn. Bí ìwé bá ti yí padà tí ìbàdí ò sì mira lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ padà síbi méjì tí ojú kì í tètè dé: ohun mímu tí ẹ ò kọ, àti epo. Ẹ fi ṣíbí wọn epo fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tòun ti èyí tí ẹ fi ń dín dòdò àti ẹyin, kẹ́ ẹ pín in fún iye ẹni tó jẹun nínú ìkòkò náà.